Pọ́ńpù Ọlọ́wọ́ fún Kẹ̀kẹ́: Ohun Tí Mo Máa Ń Wò Kí N Tó Sanwó

Nọ́ńbà gàdàgbà tó wà lára páálí pọ́ńpù kọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹni tó ń tà á á fi ìka tọ́ka sí ibi tí wọ́n kọ 120 psi tàbí 160 psi sí (psi ni òṣùwọ̀n bí afẹ́fẹ́ inú táyà ṣe le tó), bíi pé pọ́ńpù náà á dìde fúnra rẹ̀ á fẹ́ táyà dé ibẹ̀. Apá ẹni ló ń fẹ́ táyà. Ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ ni pé pọ́ńpù náà lè gba agbára yẹn mọ́ra kó má fọ́. Kò sọ pé ẹni tó dì í mú lè tì í débẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tó wà lójú títì wa kò nílò ju 50 psi lọ. Táyà àti fáàfù, ìyẹn ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú tíúbù, ni ká kọ́kọ́ wò, ká tó wo pọ́ńpù. Tí a bá ti mọ ìyẹn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn pọ́ńpù tó wà lórí àtẹ ti kúrò nínú ohun tí a lè rà.

Oríṣi fáàfù mẹ́ta ló wà lára kẹ̀kẹ́ nílẹ̀ wa. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni Schrader, tó nípọn tó mìlímítà 8, tó sì dọ́gba délẹ̀délẹ̀ pẹ̀lú ti mọ́tò àti ọ̀kadà. Ọdún 1893 ni wọ́n ti gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, a ò sì tíì rí ìdí láti pa á tì. Abẹ́rẹ́ kan wà láàárín rẹ̀ tí ẹnu pọ́ńpù gbọ́dọ̀ tẹ̀ kí ọ̀nà tó là dáadáa. Ìkejì ni Presta, tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, mìlímítà 6, èyí tó máa ń wà lára kẹ̀kẹ́ eré ìje tokunbo tó ń ti Òyìnbó dé. Ìkẹta ni Dunlop, fáàfù àwọn Raleigh àtijọ́ àti àwọn kẹ̀kẹ́ onírin wúwo tí àwọn àgbẹ̀ ṣì ń gùn lọ sóko. Èyí kò ní abẹ́rẹ́ rárá. Rọ́bà kékeré kan ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn nínú, afẹ́fẹ́ tí a bá tì wọlé ló ń ṣí rọ́bà yẹn, tó bá wọlé tán rọ́bà á tún padà pa ojú ihò dé.

Iṣẹ́ kékeré tó yẹ ká mọ̀ lórí ìkọ̀ọ̀kan kò ju báyìí lọ. Fún Presta, ẹ tú nọ́ọ̀tì kóńkó orí rẹ̀ sókè títí yóò fi dúró, kí ẹ wá fi ìka tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kó mí fúù lẹ́ẹ̀kan. Rọ́bà inú rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tó jókòó sí tó bá ti pẹ́, ẹni tí kò bá tẹ̀ ẹ́ á máa ti pọ́ńpù kíkankíkan, á sì máa bú ẹni tó tà á fún un. Abẹ́rẹ́ orí Presta yìí tún máa ń wọ́ tí a bá fi ìbínú ti ẹnu pọ́ńpù bọ̀ ọ́. Fún Dunlop, gééjì kì í sọ òótọ́, nítorí pé afẹ́fẹ́ tó wà nínú táyà kò lè padà jáde wá sínú pọ́ńpù láti sọ iye tó jẹ́. Ó tún máa ń le láti tì ju àwọn yòókù lọ, pàápàá tí rọ́bà rẹ̀ bá ti gbó. Ẹnu pọ́ńpù tó bá Presta mu sábà máa ń bá Dunlop mu náà.

Nítorí náà, mo fẹ́ràn pọ́ńpù tó lè mú Schrader àti Presta, kódà tí kẹ̀kẹ́ mi bá jẹ́ Schrader nìkan. Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọ̀kan ní ihò méjì lẹ́nu, fífẹ̀ àti tóóró, ẹ kàn máa lo èyí tó bá tiyín mu. Èkejì ní ihò kan péré, ẹ ó yí ìdérí ẹnu rẹ̀ kúrò, ẹ ó rí rọ́bà kan àti ike kékeré kan nínú rẹ̀. Ẹ yí àwọn méjèèjì padà, kí èyí tó kọjú sínú kọjú síta, kí ẹ wá dé e padà. Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ nìyí: ìlẹ̀kẹ̀ ike yẹn kéré, òkùnkùn ti ṣú, ó bọ́ sínú koríko, pọ́ńpù di igi. Ilé ni ká ti yí i, kì í ṣe ẹ̀bá ọ̀nà.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀: bí inú ọ̀pá pọ́ńpù ṣe fẹ̀ tó. Òun ló ń sọ bóyá a ó fẹ́ táyà tán tàbí a ó tì í wálé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ ti kẹ̀kẹ́ eré ìje, 700 × 25 (ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀ nìyẹn), máa ń fẹ́ 80 sí 100 psi. Ká mú 87, tó jẹ́ bar 6, ìyẹn bíi kílò 6 lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Pọ́ńpù tí inú ọ̀pá rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 20, ojú písítìnì rẹ̀ lé díẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 3. Kí afẹ́fẹ́ tó wọ táyà tó ti wà ní bar 6, agbára bíi kílò 19 ni ọwọ́ gbọ́dọ̀ fi tì í. Àgbàlagbà á ṣe ìyẹn, á kàn làágùn díẹ̀ ni. Àmọ́ tí inú ọ̀pá bá fẹ̀ ní mìlímítà 30, agbára yẹn á lọ sí bíi kílò 43. Ó ku díẹ̀ kó tó àpò sìmẹ́ǹtì kan, ọwọ́ méjèèjì la ó sì fi máa tì í lóréfèé, léraléra. Kò sí apá tó ń ṣe é.

Ẹ wá yí i padà. Táyà fífẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ orí òkè, 26 × 2.1, gba bíi lítà 4. Kó tó dé 40 psi, afẹ́fẹ́ ìta bíi lítà 11 ló gbọ́dọ̀ wọnú rẹ̀. Pọ́ńpù tóóró yẹn, tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń rin sẹ̀ǹtímítà 15, mìlílítà 47 ló ń gbé lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pín in: ó lé ní 230 ìgbà tí ẹ ó tì í, lórí ìwé. Pọ́ńpù fífẹ̀ ti mìlímítà 30, tí ọwọ́ rẹ̀ ń rìn bákan náà, ń gbé mìlílítà 106, bíi 104 ìgbà ló sì máa gbà. Ní 40 psi, agbára tó ń béèrè kò ju kílò 20 lọ. Lójú ọ̀nà gan-an, iye ìgbà yẹn máa ń lé sí i fún méjèèjì, nítorí gbogbo afẹ́fẹ́ kọ́ ló ń dé inú táyà.

Àwọn tó ń ṣe pọ́ńpù mọ èyí, ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rí HP lára àwọn kan àti HV lára àwọn mìíràn. HP (high pressure) ni tóóró, fún táyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fẹ́ psi púpọ̀. HV (high volume) ni fífẹ̀, fún táyà ńlá tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀ ní psi kékeré. Tí wọn ò bá kọ ọ́, wọ́n ti fi hàn: èyí tí wọ́n kọ 160 psi sí sábà jẹ́ tóóró, èyí tí wọ́n kọ 80 tàbí 90 sí sábà jẹ́ fífẹ̀. Ẹni tó ń gun 26 × 1.95 tí ó wá lọ ra 160 psi nítorí pé nọ́ńbà náà pọ̀ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ti fowó ra iṣẹ́ àṣekára. Iye tí táyà yín ń fẹ́ wà lára táyà fúnra rẹ̀, lẹ́bàá rììmù, wọ́n á kọ ọ́ bíi "40–65 PSI". Ẹ fi omi nu erùpẹ̀ ara rẹ̀, ẹ ó rí i. Ẹni tó sanra tàbí tó ń ru ẹrù sẹ́yìn kó sún mọ́ iye òkè, ẹni tó fúyẹ́ kó sún mọ́ ti ìsàlẹ̀. Ní ojú ọ̀nà tó kún fún kòtò, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ sábẹ́ iye ìsàlẹ̀ yẹn, nítorí létí kòtò ni rììmù ti ń pa tíúbù mọ́ táyà. Tí ẹ bá yọ tíúbù tí ẹ sì rí ihò méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bíi ibi tí ejò bù jẹ, kì í ṣe ìṣó ló ṣe é o. Afẹ́fẹ́ ni kò tó.

Gígùn ọ̀pá náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Pọ́ńpù tó ṣeé fi sápò dára lójú, sẹ̀ǹtímítà 18 péré, kò wúwo ju gíráàmù 100 lọ. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí táyà ti wà ní bar 3, afẹ́fẹ́ inú ọ̀pá kò lè wọ ibẹ̀ àfi tí a bá kọ́kọ́ fún un pọ̀ di ìdá kan nínú mẹ́rin. Kódà tí ọwọ́ pọ́ńpù bá ń rin sẹ̀ǹtímítà 15, ó lé ní 11 tí ẹ ó rìn lásán, sẹ̀ǹtímítà bíi 4 tó gbẹ̀yìn ló ń ti nǹkan wọlé. Tí táyà bá ti dé bar 6, sẹ̀ǹtímítà 2 tó gbẹ̀yìn nìkan ló kù. Ẹni tó bá ti rẹ̀, tó wá ń ti pọ́ńpù dé ìlàjì tó sì ń fà á padà, kò fi afẹ́fẹ́ kankan sí táyà mọ́. Afẹ́fẹ́ kan náà ló ń fún pọ̀ tó ń tú sílẹ̀. Ohun tó sì ń mú kí pọ́ńpù kúkúrú burú ju bó ṣe yẹ lọ ni àyè tó kù nísàlẹ̀ písítìnì àti nínú ẹnu pọ́ńpù, níbi tí afẹ́fẹ́ ń sá pamọ́ sí. Tí ọwọ́ bá ń rìn jìnnà, àyè yẹn kò jẹ́ nǹkan kan. Tí kò bá ju sẹ̀ǹtímítà 8 lọ, ó ń jẹ apá tó dára nínú iṣẹ́ yín. Tí férémù kẹ̀kẹ́ yín bá gba sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30, ẹ ra èyí tó gùn. Àpò kò nílò rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ló nílò rẹ̀.

Àwọn kan máa ń polówó pé pọ́ńpù àwọn ń fẹ́ afẹ́fẹ́ nígbà títì àti nígbà fífà. Òótọ́ ni, ó ń yá díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ rọ́bà inú rẹ̀ pọ̀ sí i, fífà sì máa ń nira ju títì lọ nígbà tí táyà bá ti le. Mi ò ní san owó lé e nítorí ìyẹn.

Lórí ẹnu pọ́ńpù: ṣé kó jókòó tààrà lórí fáàfù ni, àbí kó ní hóòsì? Tèmi ni hóòsì. Nígbà tí ẹnu pọ́ńpù bá jókòó tààrà, gbogbo ìmì ọwọ́ yín ló ń lọ sórí fáàfù. Ó ń mì síwá sẹ́yìn, ìdí rẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ tíúbù á bẹ̀rẹ̀ sí ya, ibẹ̀ sì ni ibi kan ṣoṣo lára tíúbù tí páàṣì kì í lẹ̀ mọ́. Hóòsì tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 pàápàá ń gba ìmì yẹn lọ́wọ́ fáàfù. Topeak ní oríṣi kan tí wọ́n ń pè ní Mountain Morph àti Road Morph, tó ní hóòsì, tó ní irin kékeré tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń yí di T, kí a lè gbé ìwúwo ara lé e. Bí mo bá fẹ́ kí ẹnìkan mọ ohun tí pọ́ńpù lójú ọ̀nà lè ṣe, irú rẹ̀ ni mo máa ń ní kí ó dì mú wò. Ó tóbi, kò rẹwà lára kẹ̀kẹ́, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Hóòsì tí a ń yí mọ́ fáàfù ní àlèébù kan. Nígbà tí ẹ bá ń yí i kúrò lára Presta, nígbà mìíràn inú fáàfù náà á bá a yí, gbogbo afẹ́fẹ́ tí ẹ fi òógùn rà á sì jáde lẹ́ẹ̀kan. Ẹ máa fi páláyà kékeré dì inú fáàfù yẹn mọ́ra dáadáa nílé, kí ẹ tó jáde. Ẹnu pọ́ńpù tó ní ọwọ́ kékeré tí a ń ká sókè kó lè di fáàfù mú kò ní ìṣòro yìí, àmọ́ rọ́bà ẹnu rẹ̀ ló máa ń gbó. Àmì rẹ̀ ni pé ẹ ó ká ọwọ́ yẹn sókè láìfi agbára kankan. Ó yẹ kó le díẹ̀ lọ́wọ́.

Bí a ṣe ń lò ó ní ẹ̀bá ọ̀nà, tó bá jẹ́ èyí tó jókòó tààrà: ẹ yí táyà kí fáàfù wà níbi tí ọwọ́ yín á ti dé láìtẹ̀. Ẹ ti ẹnu pọ́ńpù wọ̀ ọ́ dé ìdí, ẹ ká ọwọ́ rẹ̀ sókè. Ẹ fi ọwọ́ òsì di ẹnu pọ́ńpù àti táyà mú pọ̀, kí àtàńpàkò wà lórí táyà, kí àwọn ìka yòókù gba àárín sípóòkù kọjá. Báyìí, bí ọwọ́ ọ̀tún bá ń tì, ọwọ́ òsì ló ń gbà á, fáàfù kò mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ẹ ti ẹ̀yìn ọwọ́ òsì mọ́ orúnkún tàbí ara igi. Ẹ tì í dé òpin nígbà gbogbo, kó má yára. Kí tíúbù tuntun tó wọ inú táyà, ẹ fún un ní afẹ́fẹ́ díẹ̀, kí ó kàn lè yí róbótó. Èyí tó wọlé ní fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ máa ń ká, rììmù á sì gé e. Ìdí ọ̀pá á gbóná tó bá yá. Kì í ṣe àìsàn, afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ máa ń gbóná ni, ṣùgbọ́n tí ọ̀pá náà bá jẹ́ ike, ẹ jẹ́ kó sinmi.

Nínú ọjà, kí ẹ tó sanwó, ẹ fi àtàńpàkò dí ẹnu pọ́ńpù pa, kí ẹ tì í. Ó yẹ kó le, kó sì fẹ́ tì yín padà tí ẹ bá dẹ ọwọ́. Tó bá rọra lọ títí dé ìdí, rọ́bà písítìnì kò mú ògiri. Ẹ fetí sí i náà, ṣé ẹ ń gbọ́ ṣìì níbi ìdérí ẹnu? Ẹ yí ìdérí yẹn wò: tó bá ṣeé tú, a lè pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀, tó bá jẹ́ pé wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa ni, ọjọ́ tí rọ́bà náà bá kú ni pọ́ńpù kú. Ọ̀pá alumíníọ̀mù ló dára, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pá ti pàdé ẹnu ni kí ẹ wò gan-an. Ọ̀pọ̀ irin tó ń dán ni wọ́n fi ike dè nísàlẹ̀, ibẹ̀ ló sì máa ń là. Gééjì kékeré tó wà lára àwọn kan dára láti mọ̀ bóyá a ti kọjá 30 psi. Kò dára fún jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Erùpẹ̀ ló ń pa pọ́ńpù nílẹ̀ wa ju ìlò lọ. Ní àkókò ọyẹ́, eruku pupa tó fẹ́ lẹ́lẹ́ máa ń wọ ẹnu rẹ̀, á sì há sórí rọ́bà, á máa ha ògiri ọ̀pá bí wọ́n bá ti ń tì í. Ẹ ra èyí tó ní ìdérí ẹnu, tàbí kí ẹ fi ọ̀rá àti rọ́bà dì í. Tó bá ti ń le láìnídìí, ẹ tú u, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu inú rẹ̀, kí ẹ fi gíríìsì sílíkónì díẹ̀, bí orí ìka, pa rọ́bà písítìnì lára. Kẹrosíìnì àti bẹntiróò kò gbọ́dọ̀ kàn án. Wọ́n máa ń mú kí rọ́bà wú. Ti pọ́ńpù àtijọ́ tí písítìnì rẹ̀ jẹ́ awọ yàtọ̀: awọ ń fẹ́ òróró, tó bá gbẹ ó máa ń kájọ kúrò lára ògiri. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi ìka fẹ etí rẹ̀ sí ìta, ẹ rì í sínú òróró ẹ̀rọ di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ó sábà máa ń jí.

Wọ́n sábà máa ń fún yín ní ike tí a fi ń so ó mọ́ férémù, níbi bóòtù méjì tó wà fún ike omi. Sẹ̀ǹtímítà 6.4 ni àárín wọn, kọ́kọ́rọ́ Allen mìlímítà 4 ló ń tú wọn. Ike nìkan kì í gbà á mú lójú ọ̀nà tó ń gbọ̀n jìgìjìgì. Ẹ fi rọ́bà tíúbù àtijọ́ gé tẹ́ẹ́rẹ́ so ó mọ́ ọn.

Pọ́ńpù oníbátìrì ti ń pọ̀, wọ́n dára, bí bátìrì bá kún. Ìgò kékeré tí gáàsì CO2 gíráàmù 16 wà nínú rẹ̀ máa ń fẹ́ táyà ní ìṣẹ́jú àáyá, ó sì tán síbẹ̀, gáàsì náà sì máa ń jò gba ara tíúbù jáde yára ju afẹ́fẹ́ lọ, ẹ ó tún un fẹ́ lọ́jọ́ kejì. Pọ́ńpù ọlọ́wọ́ ṣì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn méjèèjì.

Bí kẹ̀kẹ́ yín bá jẹ́ Presta, ẹ ra bàbà kékeré tí a ń yí mọ́ orí rẹ̀ láti sọ ọ́ di Schrader, ẹ fi sínú àpò páàṣì. Pẹ̀lú rẹ̀, fọkanáísà lè bá yín fẹ́ táyà. Ẹ tú nọ́ọ̀tì orí fáàfù kí ẹ tó yí bàbà náà mọ́ ọn. Ẹ sọ fún un kó máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kó máa dúró: ẹ̀rọ rẹ̀ wà fún táyà mọ́tò, táyà tẹ́ẹ́rẹ́ kẹ̀kẹ́ kò sì gbà ju bíi lítà kan lọ, ojú ò ní tíì ṣẹ́ tí táyà á fi fò kúrò lára rììmù. Ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ táyà wò láàárín, kí ẹ sì dúró tì í títí yóò fi yọ ọwọ́.